Owó ò hàn nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì: ìbéèrè àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rẹ́ mi kan ní Under-G ní òun ti fi USDT, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n so mọ́ dọ́là, ránṣẹ́ sí mi. Ó fi àwòrán ẹ̀rí hàn mí, àmọ́ òfìfo ni wọ́lẹ́ẹ̀tì mi. Ṣé ó fẹ́ lù mí ní jìbìtì ni?

Ìdáhùn: Má tíì bá a jà, àbúrò. Owó yẹn kò sí nínú fóònù rẹ rárá. Orí blockchain ló wà, ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀ tí gbogbo ayé lè kà. Áàpù ni wọ́lẹ́ẹ̀tì; kọ́kọ́rọ́ owó náà ló ń tọ́jú fún ọ. Fi àwòrán sílẹ̀, torí wọ́n máa ń ṣe ayédèrú rẹ̀. Wo àdírẹ́sì rẹ, ìyẹn àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà tí wọ́n fi ń fowó ránṣẹ́ sí ọ. Bó bá fi T bẹ̀rẹ̀, orí blockchain tí wọ́n ń pè ní Tron ló wà; lọ fi í wá owó náà lórí Tronscan, ojúlé wẹ́ẹ̀bù tí wọ́n ti ń wo àkọsílẹ̀ Tron. Bó bá fi 0x bẹ̀rẹ̀, wo Etherscan àti BscScan méjèèjì, torí àdírẹ́sì kan náà lo ní lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì blockchain méjì, Ethereum àti BNB. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń wà: ẹni tó fowó ránṣẹ́ gba orí BNB, ìwọ ń wo Ethereum. Ṣí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kejì nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì, wàá bá owó rẹ níbẹ̀. Bí kò bá sí níbì kankan, ó di kí ọ̀rẹ́ rẹ wá ṣàlàyé.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ ta USDT mi tó wà lórí Tron kí n fi san owó ilé ẹ̀kọ́ ní LAUTECH, ó kọ̀, kò lọ.

Ìdáhùn: TRX, owó Tron fúnra rẹ̀, ni kò sí nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì rẹ. TRX ni wọ́n fi ń san owó ìfiránṣẹ́ lórí Tron, ETH lórí Ethereum, BNB lórí BNB. Ra TRX díẹ̀ sí i, á lọ.

Ohun kan wà lórí ọ̀rọ̀ TRX yìí tó ń dùn mí. Ẹnì kan á gbé ọ̀rọ̀ 12 tí wọ́n fi ń ṣí wọ́lẹ́ẹ̀tì rẹ̀ síta lórí Telegram bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. USDT rẹpẹtẹ wà nínú rẹ̀, TRX ni kò sí. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ á sáré fi TRX sí i kó lè kó owó náà. Kò mọ̀ pé olè yẹn ti yí àṣẹ orí àkáǹtì padà tipẹ́; ọ̀rọ̀ 12 nìkan kò lè gbé owó jáde mọ́. TRX tí àwọn èèyàn ń fi sí i lolè ń kó.

Ìbéèrè: Ọmọ mi, fóònù mi bọ́ sómi ní Sábó. Inú wọ́lẹ́ẹ̀tì tó wà lórí rẹ̀ ni ọmọ mi tó wà ní Kánádà ń fi owó ránṣẹ́ sí. Ẹni tó ń bá mi tún un ṣe ní kí n mú ìwé tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ 12 sí wá.

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú ìwé yẹn kúrò nílé. Kò sí ohun tí atúnfóònùṣe fẹ́ fi í ṣe. Ẹni tó bá ti rí ọ̀rọ̀ 12 yẹn ló ni owó náà, ibi yòówù kó wà. Ẹ gba wọ́lẹ́ẹ̀tì kan náà sórí fóònù mìíràn, kí ẹ yan ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹ ti ní wọ́lẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀, kí ẹ̀yin fúnra yín wá tẹ ọ̀rọ̀ náà sí i bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra. Bí yíǹkì bá ti ṣí lára ọ̀rọ̀ kan, ẹ má fòyà. Ọ̀rọ̀ 2,048 péré ni wọ́n ti ń ṣà á, kò sì sí méjì tí lẹ́tà mẹ́rin àkọ́kọ́ wọn jọra. Bí ẹ bá ṣì rí "aban", "abandon" ni. Ẹ má ya fọ́tò ìwé náà o. Fọ́tò máa ń lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀.

Ìbéèrè: Mo da àdírẹ́sì kọ láti inú àkọsílẹ̀ USDT tí mo ti fi ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀ lórí Tron, owó sì lọ sọ́dọ̀ ẹni tí n kò mọ̀.

Ìdáhùn: Olè ló gbé àdírẹ́sì tó jọ èyí tí o mọ̀ síbẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí rẹ̀ jọra, àárín rẹ̀ ló yàtọ̀. Ó fi USDT òfo ránṣẹ́ kí àdírẹ́sì rẹ̀ lè wọ inú àkọsílẹ̀ rẹ. Láti ìsinsìnyí, ọwọ́ ẹni tó fẹ́ gba owó ni kí o ti gba àdírẹ́sì, kí o sì kọ́kọ́ fi díẹ̀ dán an wò. Báǹkì kò lè dá èyí tó ti lọ padà. Tẹ̀ lé owó náà lórí Tronscan: bó bá wọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe pàṣípààrọ̀, kọ̀wé sí wọn kíákíá kí wọ́n dì í mú, kí o sì gbé ẹjọ́ náà lọ sí EFCC ní Ìbàdàn. Ẹni tó bá ní kí o sanwó kí òun bá ọ gba owó náà padà, olè kejì nìyẹn.