Bẹ́ ẹ ṣe máa bu ẹrẹ̀ odò Asa fún tẹ́ẹ̀sì òjé

Ẹ̀yin ará Ìlọrin, tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá òjé, mẹ́tàlì olóró tí wọ́n ń pè ní lead, wà nínú odò Asa, ẹ má tẹ́ẹ̀sì omi nìkan o, omi ń ṣàn lọ, ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ ló ń di òjé mú. Ẹ fi ṣíbí irin sílẹ̀ jàre, òun gan-an lè ba tẹ́ẹ̀sì jẹ́, ti rọ́bà ni kẹ́ ẹ fi bu ẹrẹ̀ ojú òkè, bíi sẹ̀ǹtímítà 5 péré, èyí tó kúnná tó ń yọ̀ láàárín ìka bí ògì ni kẹ́ ẹ wá, yanrìn kì í gbé mẹ́tàlì tó bẹ́ẹ̀. Ẹ bu díẹ̀ níbi tí odò ò tíì wọ ìgboro, ẹ bu níbi tó ti ṣàn kọjá ìgboro náà, ká lè fi wéra. Ẹ dà á sínú náílọ́ọ̀nù, ẹ kọ ibi àti ọjọ́ sí i lára, ẹ gbé e sínú kúlà oníyìnyín, ó di lábù, níbi tí wọ́n ti máa tẹ́ẹ̀sì ẹ̀. Ẹ tún padà lọ lẹ́yìn òjò, àgbàrá máa ń ru ẹrẹ̀ sókè.