Bí Ọkọ̀ Ẹlẹ́ńjìnnì Méjì Bá Kọ̀ Tí Kò Gbọ́ Ti Atukọ̀ Mọ́
Ìwé ìtọ́sọ́nà fún apẹja, àgbẹ̀ àti ìdílé tó ń lo ọkọ̀ ojú omi ní agbègbè Ọ̀yọ́

Ẹ̀yin apẹja, ẹ̀yin àgbẹ̀ tó ń kó iṣu àti àgbàdo gba orí omi, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ewu omi. Ẹni tó ní ọkọ̀ fáíbà kékeré tó gbé ẹ́ńjìnnì méjì sí ìdí ni mo kọ ìwé yìí fún, irú ọkọ̀ tó lè ná adágún Ìkéré nítòsí Ìsẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti sé odò Ògùn. Adágún yẹn kì í ṣe omi ìṣeré. Bó bá kún, omi inú rẹ̀ lè tó 690 mílíọ̀nù kúbíìkì mítà. Bí ìdarí ọkọ̀ bá kọ̀ ní àárín irú omi bẹ́ẹ̀, kò sí ẹ̀gbẹ́ títì tí èèyàn fẹ́ páàkì sí.

Ọ̀yọ́ ni mo ti ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Bí ọkọ̀ bá ti ń fà sí apá kan, sítíárì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dá lẹ́bi. Wọ́n á ra wáyà tuntun, wọ́n á san owó iṣẹ́, ọkọ̀ á sì tún máa fà bó ṣe ń fà tẹ́lẹ̀. Ó ń dùn mí, torí owó ẹja ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló bá a lọ. Ẹ jẹ́ ká mọ ibi tí àìsàn wà ká tó ra oògùn. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ dán an wò, kí ẹ tó fọwọ́ kan òmíràn. Bí ẹ bá yí mẹ́ta pọ̀ tí ọkọ̀ sì gbádùn, ẹ kò ní mọ èyí tó wò ó sàn.

Ẹrù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ so ọkọ̀ mọ́ èbúté níbi tí omi ti pa rọ́rọ́, kí ẹ lọ dúró ní ọ̀ọ́kán ìdí rẹ̀. Ṣé ó tẹ̀ sí apá kan? Ọkọ̀ tó tẹ̀ ní ìdúró kò lè lọ tààrà bó bá ń sáré. Bàbá apẹja kan pè mí pé ọkọ̀ òun ń fà sí òsì. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ń gbé epo sí?” Òsì ni. Àwọ̀n ńkọ́? Òsì. Kúlà yìnyín náà, òsì, torí wọ́n fẹ́ kí apá ọ̀tún ṣófo tí wọ́n á fi ráyè fa àwọ̀n. A gbé epo sí àárín, a gbé kúlà sí ọ̀tún, ọ̀rọ̀ parí. N kò tú nọ́ọ̀tì kan.

Ẹ ṣí pákó ilẹ̀ ọkọ̀ náà, kí ẹ gbọ́n omi tó fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Lítà omi kan wọn kìlógíráàmù kan. Bí omi tó kún kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́rin bá wà lábẹ́ pákó, àpò àgbàdo ńlá kan ló wà níbẹ̀ láìsí ẹni tó rí i, àpò tó tún ń yí lọ sọ́tùn-ún, tó ń yí lọ sósì bí ẹ bá ti ń kọ́nà.

Ẹ́ńjìnnì kan lẹ́ẹ̀kan

Ìdánwò tí mo fẹ́ràn jù nìyí, kò sì ná yín ju epo díẹ̀ lọ. Ẹ wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ẹ so okùn ààbò tó ń pa ẹ́ńjìnnì mọ́ ara atukọ̀, kí ẹ lọ sí ibi tí kò sí kùkùté igi tàbí àwọ̀n ẹlòmíràn. Ẹ rọra fi ẹ́ńjìnnì ọ̀tún nìkan rìn. Ọkọ̀ á fẹ́ yí sí òsì. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹ wo bí ẹ ṣe ní láti yí sítíárì tó kó tó lọ tààrà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ti òsì nìkan rìn. Ọ̀tún ló máa fẹ́ yí sí, ìwọ̀n tí ẹ ó sì fi dá a padà kò gbọdọ̀ yàtọ̀ púpọ̀ sí ti àkọ́kọ́.

Ẹ́ńjìnnì tó lágbára máa ń ti ọkọ̀ lọ sí apá èyí tó ṣàárẹ̀. Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá ń fà sí òsì nígbà tí méjèèjì ń ṣiṣẹ́, ẹ wo ẹ́ńjìnnì òsì kí ẹ tó wo sítíárì. Ṣé púlọ́ọ̀gì rẹ̀ dúdú? Ṣé omi wà nínú epo, tàbí fíltà ti dí? Ẹ ṣí ìdérí méjèèjì, kí ẹnì kan fa ọ̀pá iná, ìyẹn ọ̀pá tí ẹ fi ń fún ẹ́ńjìnnì léré, dé òpin nígbà tí ẹ́ńjìnnì wà ní pípa, kí ẹ wò ó bóyá ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ṣí tán lára méjèèjì. Mo ti rí wáyà ọ̀pá iná tó fà sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì kan kì í ṣí ju ìdajì lọ.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ké dáadáa àmọ́ tí kò ti ọkọ̀, pùròpélà ni kí ẹ lọ bá, ìyẹn abẹ̀bẹ̀ tó ń yí nínú omi. Kí ẹ tó nawọ́ sí i, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ yọ okùn ààbò. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi èyí ṣeré. Ìka tó bá lọ kì í hù mọ́. Ẹ wò ó bóyá etí rẹ̀ ti tẹ̀, bóyá ojú oró tàbí okùn àwọ̀n ti wé mọ́ ọn. Bí okùn náílọ́ọ̀nù bá ti wé mọ́ ẹ̀yìn pùròpélà, ẹ tú pùròpélà sílẹ̀ pátápátá kí ẹ yọ ọ́ tán, torí ó máa ń gé rọ́bà tí kì í jẹ́ kí omi wọlé. Ẹ tú ọ́ìlì jíà díẹ̀ wò: bó bá ti funfun bí omi ògì, omi ti wọ ibẹ̀.

Ọ̀pọ̀ pùròpélà ló ní rọ́bà láàárín irin inú àti ara abẹ̀bẹ̀. Rọ́bà yẹn lè máa yọ̀ láìsí ohun tí ojú rí. Ẹ nu ìdí rẹ̀ gbẹ, kí ẹ fi ọ̀dà funfun fa ìlà tín-ín-rín láti orí irin inú, gba orí rọ́bà, dé ara abẹ̀bẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ gbé ọkọ̀ jáde, ẹ fún un níná dáadáa, kí ẹ padà wá wò ó. Bí ìlà yẹn ò bá ṣe ọ̀kan mọ́, tí apá inú wà níhìn-ín tí apá òde wà lọ́hùn-ún, ẹ ti mú olè.

Bí sítíárì bá le

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ tú bóòtù tó so apá wáyà mọ́ ẹ́ńjìnnì, kí ẹ wá yí sítíárì. Bó bá fúyẹ́ báyìí, wáyà kò jẹ̀bi. Ọrùn tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí ló gbẹ. Ẹ tú irin tó so ẹ́ńjìnnì méjèèjì pọ̀, kí ẹ fi ọwọ́ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ó mọ èyí tó ń ya olórí kunkun. Gíríìsì ni ẹ ó fi bẹ̀ ẹ́.

Bí sítíárì bá le síbẹ̀, inú wáyà tàbí ìdí sítíárì ni ẹjọ́ wà. Ibi tó sábà máa ń pa á ni òpó oníhò tí ọ̀pá wáyà ń gbà kọjá nídìí ẹ́ńjìnnì. Gíríìsì àtijọ́ á dì síbẹ̀ bí àmọ̀ gbígbẹ, ìpẹtà á mú ọ̀pá náà. Ẹ fà á jáde, ẹ fọ òpó náà mọ́, ẹ fi gíríìsì tuntun. Ohun kan wà tí mo kọ́ pẹ̀lú ìnira: bí ẹ bá fẹ́ fún gíríìsì sínú òpó yẹn, ẹ kọ́kọ́ yí sítíárì títí ọ̀pá á fi wọlé tán. Ní ọdún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo fún un nígbà tí ọ̀pá ṣì wà níta, gíríìsì dí i mọ́bẹ̀, sítíárì ò lọ síwá sẹ́yìn mọ́, a sì tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀.

Wáyà tí ara òde rẹ̀ ti ya ti bàjẹ́. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má dè é.

Bí sítíárì bá ń yí láìjẹ́ pé ẹ́ńjìnnì mira, kí ẹnì kan máa yí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹnì kejì fi ojú tẹ̀ lé ìmira náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ibi tó bá ti dúró ló ti tú. Ẹ má gbàgbé bóòtù tó de ẹ́ńjìnnì mọ́ pákó ìdí ọkọ̀.

Ẹ wọn ẹ́ńjìnnì méjèèjì náà: ẹ sọ wọ́n kalẹ̀ dọ́gba, ẹ wọn àlàfo àárín wọn níwájú àti lẹ́yìn, ní ibi tó ga bákan náà. Àyàfi tí ìwé ẹ́ńjìnnì bá sọ nǹkan mìíràn, kí méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí ọ̀kan bá kọjú síbí tí èkejì kọjú sọ́hùn-ún, wọ́n ń bára wọn jà nínú omi, epo yín ni wọ́n sì ń jẹ.

Sítíárì olóìlì, ìyẹn èyí tó ń lo ọ́ìlì dípò wáyà, tó bá ń rọ̀ bí fùkẹ̀fúkẹ̀, afẹ́fẹ́ ti wọ inú rẹ̀ tàbí ọ́ìlì ti dín kù. Ọ́ìlì tó yẹ ẹ́ ni kí ẹ bù sí i, kì í ṣe ọ́ìlì bíréèkì.

Bó bá jẹ́ lórí eré nìkan ni

Bí orí ọkọ̀ bá ń rì mọ́ omi tí sítíárì sì wúwo, ẹ ti sọ ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì wọlé sápá ọkọ̀ jù. Bí orí ọkọ̀ bá ń fò sókè tó ń jábọ́, ẹ ti gbé e síta jù. Kí méjèèjì wà ní ìwọ̀n kan náà.

Bí ẹ́ńjìnnì kan bá ń ké òfo nígbà tí ẹ bá kọ́nà, ti òde ló yọ sókè tó ń fa afẹ́fẹ́. Ẹ dín eré kù. Bó bá ń ṣe é nígbà gbogbo, ẹ wo irin pẹlẹbẹ tó wà lókè pùròpélà: lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ó yẹ kó bá ìsàlẹ̀ ọkọ̀ dọ́gba, tàbí kó fi ìwọ̀n mìlímítà 25 lọ sílẹ̀ jù ú lọ, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, bó bá ṣì ń fà díẹ̀, tí pùròpélà méjèèjì sì ń yí sí apá kan náà, ẹ lo ìrù kékeré tó wà lábẹ́ irin pẹlẹbẹ náà. Bó bá ń fà sí ọ̀tún, ẹ yí ẹ̀yìn ìrù sí ọ̀tún díẹ̀. Bó bá jẹ́ òsì, ẹ yí i sí òsì. Kí ti méjèèjì dọ́gba.

Bí wáyà bá já ní àárín omi

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì méjèèjì, kí gbogbo èèyàn jókòó. Ẹ fi okùn de ẹ́ńjìnnì méjèèjì kí wọ́n kọjú síwájú gbọnrangandan. Ìdí nìyí tí okùn àti àjẹ̀ kò fi gbọdọ̀ kúrò nínú ọkọ̀. Ẹ tún tàn wọ́n, kí ẹ máa fi ọ̀pá iná darí ọkọ̀ jẹ́jẹ́: ẹ fi iná kún òsì bí ẹ bá ń lọ sí ọ̀tún, ẹ fi kún ọ̀tún bí ẹ bá ń lọ sí òsì. Etí omi tó sún mọ́ yín jù ni kí ẹ lọ, kì í ṣe èbúté tí ẹ ní lọ́kàn.