Gìtá oníná mi kì í dún pẹ́: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wò ó. Tí mo bá ń ta sólò lórí gìtá oníná mi, nóòtì tó yẹ kó máa dún lọ gbọọrọ á kàn kú lójijì. Wọ́n ní kí n lọ ra pẹ́dà kọ̀mpírẹ́sọ̀ (pẹ́dà ni ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn gìtá padà), ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Má tíì rà á, àbúrò. Kọ́kọ́ yọ wáyà kúrò lára gìtá yẹn, jókòó síbi tó dákẹ́, ta okùn kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà kó o tẹ okùn náà ní fúrẹ́ẹ̀tì kejìlá (fúrẹ́ẹ̀tì ni àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá) kó o tún ta á, kó o dẹtí sí bó ṣe ń lọ sílẹ̀. Tó bá ti tètè ń kú láìsí ámpù, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá jáde, ara gìtá ni wàhálà wà. Tó bá sì ń pẹ́ dáadáa, tó jẹ́ pé ìgbà tó o so ó mọ́ ámpù ló ń já, wo àwọn pẹ́dà ẹ, pàápàá noise gate, ìyẹn èyí tó ń pa ohùn tó bá ti rẹlẹ̀ jù, torí tí wọ́n bá yí i sókè jù, ṣe ló máa ń gé ìrù nóòtì dànù.

Ìbéèrè: Mo ti ṣe é. Láìsí ámpù gan-an ó ń tètè kú. Okùn ara ẹ̀ ti pẹ́ díẹ̀ o, mo sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ gan-an kó lè sún mọ́ fúrẹ́ẹ̀tì, kó lè rọrùn láti tẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹn ẹ́n! Pààrọ̀ okùn yẹn, torí òógùn ọwọ́ àti ìdọ̀tí ti wọ inú ẹ̀, kó o sì gbé e sókè díẹ̀, torí gbogbo ìgbà tó bá ń gbọ̀n tó ń kan fúrẹ́ẹ̀tì ló ń pàdánù agbára.

Lẹ́yìn ìyẹn, jọ̀ọ́, wo píkọ́ọ̀pù, ìyẹn nǹkan tó wà lábẹ́ okùn tó ń gba ohùn okùn lọ sínú ámpù. Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò rárá, wọ́n á máa náwó sórí pẹ́dà ṣáá, ó sì máa ń dùn mí. Òòfà ló wà nínú píkọ́ọ̀pù, irin sì ni okùn, tí wọ́n bá sún mọ́ra jù òòfà á máa fa okùn mọ́ra, kò ní jẹ́ kó gbọ̀n fàlàlà, nóòtì á máa mì bíi pé ohùn méjì ló ń jà nínú ẹ̀. Ó pọ̀ jù lára irú gìtá tí wọ́n ń pè ní Stratocaster tí òòfà ẹ̀ dúró gangan lábẹ́ okùn. Tẹ fúrẹ́ẹ̀tì tó kẹ́yìn, kó o wọn àlàfo tó wà láàárín okùn àti orí òòfà: nǹkan bíi mílímítà 2.4 lábẹ́ okùn tó nípọn jù, 2 lábẹ́ èyí tó tín-ín-rín jù, ibẹ̀ dáa láti bẹ̀rẹ̀. Fi síkúrúdíráfà sọ píkọ́ọ̀pù kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó o máa ta okùn kó o máa gbọ́ ọ. Ohùn á rẹlẹ̀ díẹ̀, ìyẹn ò ṣe nǹkan kan, yí ámpù sókè.

Ìbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an, ó ti yàtọ̀! Àmọ́ okùn kẹta, tí mo bá tẹ̀ ẹ́ ní nǹkan bíi fúrẹ́ẹ̀tì karùn-ún sí ìkeje, ó ṣì ń kú kíá. Ibòmíì dáa o.

Ìdáhùn: Ọrùn gìtá ló ń gba agbára okùn níbẹ̀. Ó wọ́pọ̀ gan-an lára gìtá tí wọ́n fi síkúrù de ọrùn ẹ̀, gìtá ẹ ò bàjẹ́. Yẹ àwọn síkúrù yẹn wò bóyá wọ́n ti tú, lẹ́yìn náà fi nǹkan tó wúwo díẹ̀ há orí gìtá kó o tún ta á. Tí ibi tó ń kú bá sún lọ síbòmíì, o ti mọ̀ pé ọrùn ni, ó sì lè má kúrò tán.

Ìbéèrè: Kọ̀mpírẹ́sọ̀ wá ńkọ́?

Ìdáhùn: Ní báyìí o lè rà á. Iṣẹ́ ẹ̀ ni pé ó ń tẹ ìbẹ̀rẹ̀ nóòtì tó le mọ́lẹ̀, ó wá ń gbé ìrù ẹ̀ sókè, ariwo tó wà nílẹ̀ náà á sì bá a gòkè. Overdrive, ìyẹn pẹ́dà tó ń mú kí ohùn gìtá há, náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ámpù ẹ bá sì ń dún sókè dáadáa, dúró sún mọ́ ọn, kọjú gìtá sí i, ohùn tó ń jáde á padà wá máa mi okùn, wàá rí i pé bó o ṣe ń yí ara ni nóòtì á ṣe máa dúró tàbí yí padà.