Bí mo ṣe tún láptọ́ọ̀pù bàbá mi ṣe láìfọ́máàtì rẹ̀

Láptọ́ọ̀pù tí bàbá mi fi ń kọ oríkì ìdílé wa jọ ní Ọ̀mù-Àrán ń falẹ̀ débi pé wọ́n á tan án, wọ́n á lọ wẹ̀, kò sì ní tíì ṣí tán. Ẹni tó ń bá wọn tún un ṣe ní ó di dandan kí òun fọ́máàtì rẹ̀, ìyẹn kí òun nu gbogbo inú rẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ní sùúrù kí n dé láti Ìlọrin. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ tó ń lọ́ra ló ti bàjẹ́, ohun tí fọ́máàtì bá sì gbé lọ, ó ṣòroó rí padà.

Mo kọ́kọ́ kó gbogbo ìwé wọn sórí fúláàṣì, mo tún fi ẹ̀dà kan sí Google Drive. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí Settings, mo wọ System, mo tẹ Storage. Díráìfù C, ibi tí ẹ̀rọ ń kó ẹrù rẹ̀ sí, ti kún dẹ́múdẹ́mú, pàǹtírí sì pọ̀ nínú Temporary files. Bàbá ń wò mí lọ́tùn-ún.

“Ṣé o ò ní pa ìwé mi rẹ́ báyìí?”

“Rárá o, Bàbá. Ẹ fọkàn balẹ̀.”

Ẹ̀rù tó bà wọ́n tọ́, torí Downloads wà lára ohun tí Windows ń tò síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá máàkì rẹ̀ mọ́ àwọn yòókù, gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti dáńlóòdù ló lọ yẹn. Inú rẹ̀ gan-an ni fọ́tò ìwúyè àbúrò wọn wà. Mo yọ máàkì rẹ̀, mo sì pa ìyókù rẹ́.

Ohun tó ń fa ìlọ́ra jù ni àwọn áàpù tó ń jí fúnra wọn gbàrà tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ. Mo tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, Task Manager yọ, mo lọ sí Startup. Àwọn tí Windows kọ High sí níwájú ni mo dojú kọ: áàpù ìpè fídíò tí wọn ò lò mọ́, àti ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tí wọ́n ti fi tọrẹ. Mo tẹ Disable. Kò yọ áàpù kúrò. Kò kàn ní jí mọ́ títí ẹ ó fi pè é. Mi ò fọwọ́ kan Windows Security tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ, torí fúláàṣì tó ń ti business centre bọ̀ kì í ṣàìgbé kòkòrò kọ̀ǹpútà (virus) dání.

Dátà fóònù ni wọ́n ń lò, nítorí náà mo tan Set as metered connection lórí Wi-Fi náà, kí Windows lè dín dátà tó ń jẹ kù. Windows 10 ni ẹ̀rọ yìí, kò sì lè gba Windows 11 torí kò ní TPM 2.0, ìyẹn ohun èlò ààbò tí Windows 11 ń béèrè. Microsoft ti ṣíwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún un ní October 14, 2025, àmọ́ mo fi orúkọ wọn sílẹ̀ fún ESU (Extended Security Updates), èyí tó gbé àtúnṣe ààbò dé October 13, 2026.

Kíbọ́ọ̀dù ló jẹ mí lógún jù. Tí Bàbá bá fẹ́ kọ ẹ, ọ tàbí ṣ, inú fáìlì àtijọ́ kan ni wọ́n ti ń kọ́pì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Oríkì tó gùn bẹ́ẹ̀! Mo wọ Time & Language, mo tẹ Language, mo fi Yoruba kún un. Bọ́tìnì Windows àti Space ló ń yí i láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá. Mo tún tẹ Windows, Ctrl àti O, kíbọ́ọ̀dù yọ lójú ẹ̀rọ, ó ń fi ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wà hàn. Bàbá mú bíró, wọ́n kọ ọ́ sórí bébà kékeré, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ. Mo sọ ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ di ńlá fún wọn nínú Ease of Access.

Ó ku ti NEPA, torí bátìrì ti kú. Nínú Word, mo lọ sí File, Options, Save, mo sọ AutoRecover, tó ń tọ́jú iṣẹ́ fúnra rẹ̀ kí iná má bàa gbé e lọ, láti ìṣẹ́jú 10 di 2, mo sì ní kí wọ́n máa tẹ Ctrl àti S ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá parí ẹsẹ̀ kan.