Iná ìkìlọ̀ kọ̀ tí kò kú ní dáṣíbọ́ọ̀dù: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Mo yí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, gbogbo iná dáṣíbọ́ọ̀dù tàn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Rárá o. Mọ́tò ń yẹ ara rẹ̀ wò ni, ó ń fi hàn yín pé gílóòbù iná kọ̀ọ̀kan ṣì ń ṣiṣẹ́. Kò yẹ kó pẹ́ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá dáhùn tí wọ́n á fi kú. Èyí tó bá kọ̀ tí kò kú la máa bi ní ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá sì ń ra àlòkù, ẹ wo èyí tí kò tàn rárá nígbà tí ẹ yí kọ́kọ́rọ́, pàápàá iná ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó fẹ́ fi àléébù pamọ́ lè ti yọ gílóòbù rẹ̀.

Ìbéèrè: Iná wo ni mo lè fi rìn délé, èwo ni mi ò gbọdọ̀ fi rìn?

Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀ ná. Yẹ́lò ní kí ẹ tètè lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Pupa kì í dúró de ọ̀la.

Nínú àwọn pupa, èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni èyí tó jọ kẹ́tùrù tí ọ́ìlì ń kán lẹ́nu rẹ̀. Bó bá tàn lójú ọ̀nà, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sọ pé ilé kò jìnnà mọ́. Ohun tó ń wí ni pé agbára tó ń ti ọ́ìlì káàkiri inú ẹ́ńjìnnì ti lọ sílẹ̀, irin ti fẹ́ máa ha irin, ìṣẹ́jú mélòó kan sì tó láti pa ẹ́ńjìnnì tó lágbára. Ẹ dúró díẹ̀ kí ọ́ìlì sọ̀ kalẹ̀, ẹ fa géèjì yọ, ẹ nù ún, ẹ tì í padà, kí ẹ tún fà á wò. Bí ọ́ìlì bá ti dín, ẹ bù sí i. Bó bá pé síbẹ̀ tí iná náà ń tàn, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ́ ọkọ̀ lọ, kí mẹkáníìkì wọn agbára ọ́ìlì. Pọ́ǹpù lè ti kú, ó sì lè jẹ́ sẹ́ńsọ̀ lásán ló ń parọ́, ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ́ńjìnnì dán an wò.

Ti ooru náà rí bẹ́ẹ̀: ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ má sì ṣí ìdérí rédíétọ̀ títí yóò fi tutù pátápátá. Omi tó wà nínú rẹ̀ lè bó ènìyàn lójú.

Iná bátìrì máa ń tan ènìyàn jẹ, torí bátìrì kọ́ ló sábà ń ṣàìsàn. Alternator, ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì ní iná, tàbí bẹ́líìtì tó ń yí i ni. Rìwáyà á fi mítà wọ̀n ọ́n: bátìrì tó kún máa ń wà ní nǹkan bí fóòtì (volt) 12.6 tí ẹ́ńjìnnì bá kú. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kó wà láàárín 13.5 sí 14.7 nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Bó bá wà ní 12 àti díẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kò sí ohun tó ń fún bátìrì yẹn ní iná.

Ìbéèrè: Iná ẹ́ńjìnnì yẹ́lò tàn, mọ́tò sì ń sáré dáadáa. Wọ́n tú orí bátìrì, ó kú. Lọ́jọ́ kẹta ó tún tàn. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún tú orí bátìrì torí iná yẹn mọ́. Nígbà tí ó tàn, kọ̀ǹpútà mọ́tò kọ kóòdù, ìyẹn àmì àléébù tó rí, sílẹ̀, ó sì kọ bí nǹkan ṣe rí ní àkókò náà: eré tí ọkọ̀ ń sá, ooru ẹ́ńjìnnì, bó ṣe ń mu epo. Ẹ̀rí tó yẹ ká fi mú olè ni wọ́n pa rẹ́ yẹn.

Skánà, ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù inú kọ̀ǹpútà mọ́tò, ni kí ẹ fi kà á. Ihò oníẹsẹ̀ 16 tí wọ́n ń kì í bọ̀ sábà máa ń wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níwájú awakọ̀. Gbogbo ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní in. Ẹ kọ kóòdù náà sínú ìwé kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Kóòdù kì í sì í ṣe orúkọ ohun tí ẹ máa lọ rà. P0171 ń wí pé afẹ́fẹ́ ti pọ̀ ju epo lọ, kò sọ ìdí rẹ̀. Torí rẹ̀ ni mo ṣe ra sẹ́ńsọ̀ oxygen tuntun, èyí tó ń wọn oxygen inú èéfín, nígbà kan, iná sì padà wá. Rọ́bà tó ń gbé afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì ló ti sán lábẹ́, níbi tí ojú kì í tètè dé. Owó sẹ́ńsọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí.

Ìbéèrè: Iná ẹ́ńjìnnì tèmi ń ṣẹ́jú ni, ọkọ̀ sì ń gbọ̀n.

Ẹ dẹ eré, ẹ má tẹ̀ ẹ́ rárá, ẹ wá ibi dúró. Sìlíńdà kan kò jó epo rẹ̀ tán, epo náà sì ń lọ jó nínú catalytic converter, ohun tó ń fọ èéfín mọ́ kó tó jáde, ó lè yọ́ ọ. Bí kóòdù bá jẹ́ P0301, sìlíńdà kìíní ni. Bí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan bá ní kọ́ìlì tirẹ̀ (èyí tó ń fún pílọ́ọ̀gì ní iná), ẹ gbé ti ìkíní sórí ìkejì, ẹ pa kóòdù rẹ́, kí ẹ tún tan ọkọ̀. Bó bá di P0302, kọ́ìlì yẹn ló bàjẹ́. Bí kò bá yí padà, ẹ ṣe pílọ́ọ̀gì náà bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: ABS àti airbag ńkọ́?

Bí iná ABS, ètò tí kì í jẹ́ kí táyà há nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, nìkan bá tàn, bíréèkì yín ṣì ń mú, ṣùgbọ́n táyà lè há lójú ọ̀nà tó ń yọ̀. Bí iná bíréèkì pupa bá tàn pẹ̀lú rẹ̀, ẹ dúró. Ti airbag, ẹ má fi mítà kan wáyà yẹ́lò rẹ̀, ó lè bẹ́ mọ́ yín lójú. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ni kí ẹ gbé e fún.

Ìbéèrè: Mo ti tún un ṣe. Báwo ni màá ṣe pa iná náà?

Ẹ fi skánà pa kóòdù rẹ́. Bí ẹ kò bá ní skánà, ẹ máa wà á lọ. Bí kọ̀ǹpútà bá yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìrìn mẹ́ta léraléra tí kò rí àléébù, òun fúnra rẹ̀ á pa á. Bí ẹ bá ń lọ ṣe àyẹ̀wò èéfín, ẹ má pa á rẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Gbogbo àyẹ̀wò inú kọ̀ǹpútà á padà sí ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì dá yín padà. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹ tún ki skánà bọ̀ ọ́, bí iná ò tiẹ̀ tàn. Kóòdù tó fẹ́ padà wá máa ń kọ́kọ́ hàn níbẹ̀ kí iná tó tàn.