Bí Mo Ṣe Kó Èèyàn Lọ Wo Ẹyẹ ní Laminga

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kó èèyàn lọ sí igbó Amurum, kúlà ìrẹsì la gbé láti Jos. A jẹ, a mu, a ya fọ́tò lórí àpáta, a padà sílé láìrí ẹyẹ kankan. Kọ́bọ̀ wa kò wọ abúlé Laminga. Bẹ́ẹ̀ igbó àwọn ará abúlé yẹn ni. APLORI, ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹyẹ tó wà létí ibẹ̀, ló ń bá wọn ṣọ́ ọ. Ojú tì mí nígbà tí mo rò ó délé.

Lẹ́ẹ̀kejì, èmi nìkan ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo mú obì lọ kí máì-ùngúwà, ìyẹn olórí àdúgbò, mo bẹ̀ ẹ́ kó bá wa wá ẹni tí yóò mú wa rìn, àti ìyá kan tí yóò se gwate oníàchà fún wa, ìyẹn àsáró tí wọ́n fi ọkà wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní àchà sè. Mo san ìdajì owó sílẹ̀. Mo kìlọ̀ fún àwọn èèyàn mi: aago márùn-ún ààbọ̀ la máa gbéra, kẹ́nikẹ́ni má wọ aṣọ tó ń tàn. Ta ló gbọ́? Ìyá Ìbejì wọ lẹ́ẹ̀sì pupa bí ẹni ń lọ síbi ìkómọ. Jákẹ́ẹ̀tì ọmọkùnrin tó mú wa rìn ló fi bò ó.

Ọmọkùnrin yìí ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. "Shiru!" Gbogbo wa dákẹ́. Nǹkan kan ta pọ́n láàárín koríko ẹ̀gbẹ́ àpáta: kò tó ológoṣẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ pupa. Ó ní ẹyẹ mìíràn wà, tí akọ rẹ̀ máa ń dúdú nígbà ìbísí, tí kì í kọ́ ìtẹ́. Inú ìtẹ́ ẹyẹ pupa yìí ló ń yé sí, ọmọ rẹ̀ a sì kọ́ orin ẹni tó tọ́ ọ. Orin àfarawé yẹn làwọn onímọ̀ kọ́kọ́ gbọ́, kí wọ́n tó wá olórin fúnra rẹ̀ kàn. 1998 ni wọ́n fún ẹyẹ pupa yìí lórúkọ.

"Háà," Ìyá Ìbejì ní, "olè ló fi olóhun hàn!" Ẹ̀rín pa wá, ẹyẹ bá fò lọ.

Gwate náà gbóná, ó ta lẹ́nu. Ìyá tó sè é sọ fún wa ní Hausa pé inú igbó yẹn lòun ti ń ṣẹ́gi tà tẹ́lẹ̀. Ó ka owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó wá bi mí pé èèyàn mélòó ni yóò wá nígbà mìíràn. Mo ní mẹ́wàá. Ó ní kí n mú abọ́ dání, tòun kò ju mẹ́fà lọ.