Bí Ètè Mi Ṣe Bọ̀ Sípò Kí N Tó Fọn Orin Haydn

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí n dìde fọn fèrè níwájú èrò ni ètè mi kọṣẹ́. Fèrè tí mò ń wí ni trumpet oníbọ́tìnnì mẹ́ta. Orin náà sì ni apá kejì, èyí tó ń lọ jẹ́jẹ́, nínú orin tí Joseph Haydn kọ fún trumpet lọ́dún 1796. Kò gùn, bí ìṣẹ́jú mẹ́rin ni. Ohun tó mú un le ni pé kò síbi téèyàn lè sá pamọ́ sí nínú rẹ̀. Ohùn kan á fà gùn, òmíràn á wọ tẹ̀ lé e, tó bá sì ti rẹ ètè, gbogbo ilé ló máa gbọ́.

Mo fẹ́ràn orin yìí gan-an. Láyé ìgbà yẹn, trumpet kò ní bọ́tìnnì. Kìkì ohùn tí páìpù bá gbà láti mú jáde làwọn afọnfèrè ń rí lò: dò, sò, dò, mí, sò, tí àlàfo ńlá sì wà láàárín wọn nísàlẹ̀. Afọnfèrè kan, Anton Weidinger, ló wá ń lo fèrè tí wọ́n lu ihò sí lára, tí wọ́n sì fi ìdérí sí àwọn ihò náà. Òun ni Haydn kọ ọ́ fún, òun náà ló sì kọ́kọ́ fọn ọ́n fáráyé gbọ́ ní Vienna lọ́dún 1800. Bọ́tìnnì tí à ń tẹ̀ lónìí kò tíì dé. Tí orin náà bá ń gòkè lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni gun àkàbà, mo máa ń rántí pé irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n nísàlẹ̀ lẹ́nu trumpet láyé ìgbà náà. Ó wù mí kí ẹni tó jókòó síwájú mi náà mọ̀ ọ́n lára.

Ìfẹ́ yẹn ló kó bá mi. Mò ń fọn ọ́n ní wákàtí kan gbáko lójoojúmọ́ láìsinmi. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹta, ohùn òkè ti di èémí lásán: fùùù.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, ọmọbìnrin tí mò ń kọ́ ní fèrè yọ tirẹ̀ lẹ́nu, mo sì rí àmì róbótó tó pọ́n, tó jìn wọ inú ètè rẹ̀. Mo ní kó má máa tẹ fèrè mọ́ ẹnu báyẹn mọ́. Ó wo ojú mi, ó ní, "Tísà, ó wà lẹ́nu tiyín náà o." Mo lọ wo dígí. Òótọ́ ló sọ.

Ètè tó ń gbọ̀n ló ń dá ohùn sílẹ̀, èémí ló sì ń mú un gbọ̀n. Béèyàn bá tẹ irin mọ́ ọn, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè ṣàn dáadáa, ètè á kú tipiri. Ohùn òkè lè kọ́kọ́ jáde o, àmọ́ kò ní pẹ́ lọ. Mo ti ń fi èyí kọ́ àwọn ẹlòmíì fún ọdún pípẹ́.

Àwa méjèèjì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. A yọ ẹnu fèrè kúrò lára rẹ̀, a fi ìka méjì péré mú un, a ń fẹ́ ẹ kí ètè máa kùn yùn-ùn bí oyin. Lẹ́yìn náà, a tẹ́ fèrè sórí àtẹ́lẹwọ́ láìdì í mú. Béèyàn bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu pẹ́nrẹ́n, á yọ̀ sẹ́yìn. Ohùn tí mo rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kéré, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó sì ń gbọ̀n. Mo fara mọ́ ọn. A ń fa ohùn kan gùn títí a fi ka mẹ́jọ, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ní ìsàlẹ̀ níbi tó rọrùn.

Èyí tó ṣe wá láǹfààní jù lọ ni gbígba orin lẹ́nu ara wa. Mo fọn gbólóhùn kan, mo gbé fèrè sílẹ̀, òun náà fọn ọ́n. Iye ìgbà tí ètè mi fi ṣiṣẹ́ náà ló fi sinmi, mo sì ń gbọ́ ibi tí èmi gan-an ti máa ń gé orin nítorí pé mi ò mí tó. Tí mo bá dá wà nílé, mo máa ń fi ẹnu kọ apá tirẹ̀. Ìdajì wákàtí báyìí tó mi. Lọ́sẹ̀ kẹrin, mo fọn orin náà já, ètè mi ò sì dùn mí.

Lọ́jọ́ náà, ibi tí mo dúró sí tutù. Fèrè tó bá tutù máa ń relẹ̀ lóhùn, nítorí náà mò ń rọra mí èémí gbígbóná sínú rẹ̀ láìjẹ́ kó dún, títí wọ́n fi pè mí. Níbi tí àwọn olórin tó ń bá mi lù ú ti ń dá lù, mo da omi inú rẹ̀ nù. (Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé itọ́ ni, àmọ́ èémí gbígbóná tó kan irin tútù ló pọ̀ jù níbẹ̀.) Nígbà tí mo dé ohùn gígùn tó kẹ́yìn, mo rí i pé ọwọ́ òsì mi dẹ̀, fèrè kàn fara ti ètè mi lásán.

Ọmọ náà ń dúró dè mí lẹ́yìn. Kò kí mi kú iṣẹ́. Ó na ọrùn, ó wo ètè mi dáadáa, ó ní, "Tísà, kò sí mọ́."